Kì í ṣe àbúrò mi ló pa ẹ̀gbọ́n mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Gààrí ni mo ń tà l'Ọ́wọ̀ níbí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀, mi ò sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kankan rí láyé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi jù. Ohun tó mú mi gbé fóònù báyìí ni ohùn ọkùnrin kan tí wọ́n ń gbé kiri lórí Wásáàpù láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n jù ú sí gúrúùpù ẹgbẹ́ wa lọ́jà. Ọkùnrin náà ní àwọn òyìnbó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wò, wọ́n sì ti rí i pé ibà Lassa, àìsàn tí eku ń kó ran èèyàn, ò lè mú wa, pé àwọn baba ńlá wa ti bá a jà tán kí wọ́n tó bí wa, kí kálukú fọkàn balẹ̀, eku kankan ò lè fi nǹkan ṣe ọmọ Yorùbá. Àwọn èèyàn ń kọ "àmín" sábẹ́ ẹ̀. Orí àpótí tí mo máa ń jókòó sí nísọ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí Yorùbá pọ́ńbélé ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ bàbá mi, ọmọ ìyá mi, ibà Lassa yìí náà ló sì pa wọ́n lóṣù kìíní ọdún 2018.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ ń dáko ẹ̀gẹ́ ni, lọ́nà Ìpele. Tí ọyẹ́ bá dé, ahéré ni àwọn méjèèjì máa ń sùn, wọ́n ń ṣọ́ iná ìgbẹ́. Ike kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó gààrí sí, èmi ni mo fún wọn ní ike náà, ìdérí ẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, páálí ni wọ́n ń gbé lé e lórí tí wọ́n á wá fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Iná ìgbẹ́ lé àwọn eku jáde nínú igbó lọ́dún yẹn, ńṣe ni wọ́n ń sáré wọ ahéré. Inú ike kan yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń bu gààrí, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ mu, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn.

Nígbà tó yá ara àwọn méjèèjì gbóná, kò ju ọjọ́ mẹ́ta síra wọn lọ. Àbúrò mi, orí fọ́ ọ, ọ̀nà ọ̀fun dùn ún, ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lo Panadol, ó dìde ó padà sóko. Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde. Kílíníìkì àdáni kan tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ní ibà ẹ̀fọn àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ ibà fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, ibà ò lọ, ojú wọn ń wú. Lọ́jọ́ kẹfà mo ń fi síbí bu ògì sí wọn lẹ́nu, mo rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ní èrìgì wọn, mo rò pé síbí ọwọ́ mi ló gé wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ máà bínú. Mi ò mọ̀ pé síbí kọ́. Ìgbà tí a fi máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti mọ Lassa dáadáa, ọjọ́ keje ti kọjá. Oògùn tí wọ́n ń pè ní ribavirin yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ló dára kéèyàn ti gbà á. Lọ́jọ́ kẹsàn-án wọ́n lọ. Àwọn tó wọ aṣọ ike àti bọ́ọ̀tù ló sin wọ́n, a ò fọwọ́ kan òkú wọn.

Àwọn elétò ìlera wá gba ẹ̀jẹ̀ lára gbogbo àwa tí a sún mọ́ wọn. Èsì dé, wọ́n ní kòkòrò Lassa ti wọ ara àbúrò mi, pé ara ẹ̀ ti bá a jà ó sì ti borí ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí á dúpẹ́ ni, ṣùgbọ́n èsì yẹn gan-an ló dá iná sílẹ̀. Báwo ni àwọn méjì á ṣe jẹ nínú abọ́ kan, kí ẹ̀gbọ́n kú kí àbúrò má rí ju orí fífọ́ lọ? Àwọn èèyàn ní àbúrò mi mọ nǹkan kan nípa ikú náà. Láàárín oṣù yẹn kan náà etí òsì ẹ̀ di, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ títí dòní, ni wọ́n bá ní ṣé ẹ ò rí i, etí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ níbi tó ti lọ ṣe é. Nígbà tó wá ra ọ̀kadà àlòkù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, owó tó ti ń dá ní èsúsú láti bí ọdún méjì, ọ̀rọ̀ bùṣe, gbogbo àdúgbò ní owó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ó kó ẹrù ẹ̀ lóru, ó lọ. Látìgbà yẹn agogo Igogo ń dún l'Ọ́wọ̀ lọ́dọọdún, kò wá rí.

Èmi náà ò gbè é lẹ́yìn. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ẹni tó mọ̀ wá kà á: èmi ọmọ ìyá ẹ̀, mo fura sí i.

Ọmọbìnrin mi kékeré ló là mí lójú. Ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń kà ní yunifásítì, ó wá sílé lọ́lidé ó bá mi níbi tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún aládùúgbò wa kan, ó ní "Màmá, kí ni jínótáìpù mi?" Mo ní AS. Ó ní "ti àǹtí mi ńkọ́?" Mo ní AA. Ó ní "ṣebí bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa?" Mo dákẹ́. Ta ni ò mọ jínótáìpù láàárín wa? Ṣọ́ọ̀ṣì kì í so yìgì tí wọn ò bá rí ìwé ẹ̀. A mọ̀ pé tí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kan lè jẹ́ SS kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ AA, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tiẹ̀. A sì mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ AS, ibà ẹ̀fọn tó le kì í sábà rí i gbé ṣe bíi ti AA. Ọmọ mi ní bó ṣe rí nìyẹn fún gbogbo ara, pé nǹkan bí 20,000 jíìnì, ìyẹn àwọn ohun tí a jogún tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ló wà nínú ọmọ èèyàn, bàbá á mú ìdajì tiẹ̀ wá, ìyá á mú ìdajì tiẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìdajì tí àkọ́bí gbà kọ́ ni ìdajì tí àbígbẹ̀yìn gbà. Lára àwọn jíìnì yẹn ló wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá kòkòrò mọ̀ kí wọ́n sì pariwo sí ara pé olè ti wọlé.

Ó ní ní Netherlands lọ́dún 2020, nígbà kòrónà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti inú ẹbí méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí kò sí àìsàn kankan lára wọn tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni àrùn náà gbé dé ìdí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, ọ̀kan kú nínú wọn, ọmọ ọdún 29 ni. Àwọn dókítà yẹ jíìnì wọn wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní TLR7 ti bàjẹ́ lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún jíìnì yẹn. Ẹ fi ojú inú wo ọlọ́dẹ àdúgbò tí ó yẹ kó fọn fèrè lóru, tó wá jẹ́ pé fèrè ẹ̀ ò dún. Olè á ti kó ilé tán kí ará ilé tó jí. Báyìí ẹ sọ fún mi, tó bá jẹ́ àdúgbò wa ni àwọn ọmọ yẹn ti ṣàìsàn, ta ni à bá pè ní àjẹ́? Ìyá wọn ni o. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lassa fúnra ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ náà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ́dún 1969 tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ní ìlú Lassa ní Borno, nọ́ọ̀sì òyìnbó mẹ́ta ló mú tẹ̀ lé ara wọn. Laura Wine kú, Charlotte Shaw tó tọ́jú ẹ̀ ní Jos kú, Lily Pinneo tó tọ́jú Shaw náà kó o, wọ́n gbé e lọ sí New York, ó yè. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé nínú èèyàn 10 tí kòkòrò yìí bá wọ ara ẹ̀, nǹkan bíi 8 ni kò ní mọ̀, tàbí kó ṣe é díẹ̀ kó lọ. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá! Àbúrò mi wà lára àwọn mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Etí tó di yẹn náà, Lassa ni, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó bá rù ú là ni etí ń di fún, ì báà jẹ́ pé àìsàn náà ò le lára ẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó gba etí kankan lọ́wọ́ ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá tí ọkùnrin orí Wásáàpù yẹn ń sọ. Ó ní ibi tó ti gbọ́ ọ, kò kàn gbọ́ ọ tán ni. Láàárín ọdún 2002 sí 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí jíìnì ọmọ èèyàn ti yàtọ̀ síra. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lò wá láti Tokyo ní Japan, láti Beijing ní Ṣáínà, láti Utah l'Amẹ́ríkà, àti láti Ìbàdàn wa níbí. 90 ni àwọn Yorùbá tó fún wọn lẹ́jẹ̀, ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí á mọ èyí, ó sì yẹ kó máa wú wa lórí, torí ọ̀pọ̀ lábù ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láyé ló ti lo nǹkan tó ti ara àwọn ará Ìbàdàn yẹn wá.

Lọ́dún 2007 obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Pardis Sabeti, Iran ni wọ́n ti bí i, Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tú ẹ̀jẹ̀ àwọn ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n rí i pé lára àwọn Yorùbá, níbi jíìnì kan tó ń jẹ́ LARGE, ẹ̀yà jíìnì náà kan wà tó ti gba ara ọ̀pọ̀ èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ló máa tètè yé. Gbogbo wa la mọ ẹ̀gẹ́ tí ewé ẹ̀ ń ká kò, tó ń ní àbàwọ́n yẹ́lò, tí ìdí ẹ̀ ò ní mú nǹkan kan jáde, fáírọ́ọ̀sì ló ń ṣe é. A sì mọ ẹ̀gẹ́ tí a ń pè ní àgíríkì, tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Íbàdàn mú jáde, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, fáírọ́ọ̀sì kan náà, ti ìbílẹ̀ á ká kò, àgíríkì á dúró. Nígbà tí àgbẹ̀ bá fẹ́ gbin òmíràn, igi èwo ló máa gé? Tí a bá fi ọdún díẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, àgíríkì á gba gbogbo oko. Bó ṣe rí lára èèyàn náà nìyẹn, kìkì pé kì í ṣe ọdún díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Ẹni tí àrùn ò pa á bímọ, ọmọ á bímọ, ẹni tí àrùn pa ò rí ọmọ bí, díẹ̀díẹ̀ ẹ̀yà jíìnì tó gbani á máa pọ̀ sí i.

Kí ló wá kan LARGE kan Lassa? Ẹ mọ èèmọ́ inú igbó tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀. Tí aṣọ bá ń dán bíi ọ̀rá, kò ní rí ibi dì mú, tó bá jẹ́ aṣọ onírun, á fi gbogbo ara lẹ̀ mọ́ ọn. Púrótéènì kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wa, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, tó ń jẹ́ alpha-dystroglycan, òun ni fáírọ́ọ̀sì Lassa máa ń dì mú kó tó wọlé, láti 1998 ni wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwúlò tiẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí iṣan ara wa dúró dáadáa. LARGE ló ń to ṣúgà sí i lára, ṣúgà yẹn gan-an sì ni "irun" tí Lassa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ tó lè yàtọ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì ni, kò ní hàn lójú, kò ní hàn ní gíga tàbí ní agbára, ẹ̀gbọ́n mi tó kú lágbára ju àbúrò mi lọ, àwọn ló ń gbé àpò ẹ̀gẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ní 2007 yẹn, àmì lásán ni, wọn ò tíì gbé e síwájú aláìsàn. Ọdún 2024 ni ìwádìí tó ṣe bẹ́ẹ̀ jáde. Ọdún méje ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀, ní Nàìjíríà àti ní Sierra Leone, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn Lassa 533 àti ti èèyàn 1,986 mìíràn tí wọ́n fi wé wọn. Àwọn èèyàn wa náà wà nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe òyìnbó nìkan, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Irrua ní Edo wà níbẹ̀, àwọn ti yunifásítì Redeemer's l'Ẹ́dẹ wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó ní ẹ̀yà LARGE tó gbòòrò lára Yorùbá yẹn, ewu kí ibà Lassa mú wọn dín kù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní Sierra Leone wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún rí ibi méjì mìíràn nínú jíìnì, nítòsí jíìnì GRM7 àti nítòsí jíìnì LIF, tó jọ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó máa kú nínú àwọn aláìsàn Nàìjíríà.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: ewu dín kù. Wọn ò sọ pé ewu tán. Ọmọ Yorùbá kan lè ní in kí ọmọ ìyá ẹ̀ má ní in, bíi jínótáìpù àwọn ọmọ mi méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Lassa ń pa Yorùbá kó wá sí Ọ̀wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó wá wo bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sáré, lọ́dọọdún ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń ní aláìsàn Lassa jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọkùnrin yẹn gba "dín kù" ó sọ ọ́ di "ò lè mú wa". Inú ń bí mi sí i, mi ò ní parọ́, torí èmi lọ́jà mo ti rí ẹni méjì tó ti ṣí ìdérí gààrí wọn sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní òyìnbó ti ní kò séwu.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti pa wá lẹ́kún rí. Ní 2020 gbogbo ẹnu ló ń sọ pé kòrónà kì í pa èèyàn dúdú. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé tí a bá fi ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọkùnrin dúdú tí kòrónà ń pa ní England àti Wales ju ti òyìnbó lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yọ ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń gbé àti bí ayé ṣe rí fún wọn kúrò, ó já sí nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé lọ́dún yẹn kan náà, Hugo Zeberg àti Svante Pääbo, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022, rí i pé apá kan lórí kúrómósómù kẹta (okùn tí àwọn jíìnì tò sí) tó ń mú kí kòrónà le lára èèyàn, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Neanderthal ni wọ́n ti jogún ẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn ará gúúsù Asia ló ní in, nǹkan bí 16 nínú 100 òyìnbó ló ní in, ní Áfíríkà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn èèyàn wa ò ní jíìnì burúkú yẹn, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú arúgbó, àwọn ni wọ́n há sínú yàrá kan ní mẹ́rin-márùn-ún, wọ́n sì kú jù. Ohun tí a jogún ń ṣe tiẹ̀, ibi tí a ń gbé àti iṣẹ́ tí a ń ṣe náà ń ṣe tiẹ̀.

Nítorí náà mi ò ní sọ pé jíìnì nìkan ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò yẹ ti àwa wò bẹ́ẹ̀, ẹnì kankan ò sì lè tọ́ka sí jíìnì kan kó ní èyí ni. Ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gààrí ìsàlẹ̀ ike, níbi tí ìtọ̀ eku pọ̀ sí, ni àwọn jẹ. Ike tí ìdérí ẹ̀ fọ́ yẹn wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé e fún wọn, mo mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ ìyá méjì jẹ nínú abọ́ kan kí ọ̀kan kú kí ọ̀kan yè, kò sí àwámárìídìí kankan níbẹ̀ tí a máa tìtorí ẹ̀ lé èèyàn kúrò nílùú bàbá ẹ̀.

Àwọn tó bá ní kí wọ́n má yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò mọ́, èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan wà ní New York, Stephen Crohn, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ éèdì, òun ò kó o, ó wá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ bá àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n yẹ òun wò. Wọ́n da HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, sórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ní lábù, kò wọlé. Ní 1996 wọ́n mọ ìdí ẹ̀, jíìnì tó ń jẹ́ CCR5 ti gé kúrú lára ẹ̀, lẹ́tà 32 ló sọnù níbẹ̀. Láàárín àwọn òyìnbó ìhà àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, láàárín tiwa ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Látara ohun tí wọ́n rí lára ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn HIV tó ń jẹ́ maraviroc tó jáde ní 2007. Látara ẹ̀ náà ni dókítà kan ní Berlin, Gero Hütter, fi mú mùdùnmúdùn eegun ẹni tó ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀ fún Timothy Ray Brown tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti HIV, HIV sì kúrò lára ẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 2020, jẹjẹrẹ yẹn ló padà wá pa á. Ta ló mọ ohun tí wọ́n lè rí lára àbúrò mi tó jẹ gààrí yẹn tó sì dìde lọ́jọ́ kẹta? Kí á tó mọ̀, a ti lé e lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olóòtú ni pé kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó máa ṣàlàyé irú nǹkan yìí lédè Yorùbá, torí òfo tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni àwọn olóhùn Wásáàpù ń dí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, tí èsì bá jáde ẹ padà wá sọ́jà, ẹ wá sí mọ́ṣáláṣí, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá sọ ọ́ fún wa. Ìwé tó jáde lókè òkun lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi ló kà á fún mi, ìyá mélòó ló lọ́mọ tó máa kà á fún un? Ẹ̀yin oníṣòwò gààrí ẹlẹgbẹ́ mi náà, àwọn tó ń sá a sí etí títì tó lọ sí Ifọ̀n, mo bẹ̀ yín. Mo ti pa báàfù tì nísọ̀ mi, dúrọ́ọ̀mù onídèérí ni mo ń lò, oníbàárà tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò kó ní kí n bù ú fún òun. Ó gba owó lọ́wọ́ mi, mo san án.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ mi ṣàlàyé fún mi tán, mo pe àbúrò mi. Ọdún tí mo ti pè é gbẹ̀yìn, mi ò rántí ẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń sunkún, mo ní kì í ṣe ìwọ, mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, dárí jì mí. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, etí tí kò gbọ́ ni mo gbé fóònù sí, ẹ jẹ́ n gbé e sí ìkejì." Mo dúró kó gbé e sí ìkejì, mo wá tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onígààrí,
Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.